Ẹni Tó Wà Nílẹ̀ Kì Í Béèrè

Aláyẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ kò bínú sí mi. Ó jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn láàárín àwọn ọmọ, ó wo bí mo ṣe ń kọ́ wọn ní ìròpọ̀, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọ kan dáhùn kí n tó béèrè tán. Nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, ó ní kí n fi ìwé-ẹ̀rí mi hàn òun. Mo fún un ní ti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tó ti fẹ́ ya níbi tí mo ká a sí. Ó kà á, ó dá a padà fún mi. Ó ní òfin ti yí padà. Ẹnikẹ́ni tí kò bá ní BEPC, ìwé-ẹ̀rí tí àwọn ọmọ ń gbà ní ìparí kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò ní lè dúró níwájú ọmọ mọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ bá tún wọlé lẹ́yìn ìsinmi ńlá. Ó ní kì í ṣe èmi nìkan. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ti ìjọba. Àwọn àgbẹ̀ ló kọ́ ọ ní abúlé kan tó kọjá Akparé, ògiri amọ̀ tó mọ níwọ̀n ìbàdí, imọ̀ ọ̀pẹ lórí, nítorí pé àwọn ọmọ wọn ń rìn jìnnà jù. Àwọn ni wọ́n ní kí n wá. Ó ti pẹ́. Lára àwọn tó ń gbé ọmọ wá fún mi báyìí, àwọn kan wà tí èmi fúnra mi kọ́ ní a-b-d.

Èmi náà pẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé. Oko ni bàbá mi fẹ́. Ìgbà tó kú ni mo tó lọ, mo sì ti ga ju tíṣà lọ nígbà náà. Àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì kan ń kí mi ní “ẹ káàárọ̀, sà” kí wọ́n tó bú sẹ́rìn-ín. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tuntun sí mi pé kí ọmọdé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyàwó mi ti kú kí aláyẹ̀wò tó wá. A kò ní ọmọ tó dúró. Ifẹ̀ ni èdè ilé wa, èdè tó bá Yorùbá tan. Yorùbá tí mo fi ń kọ ìwé yìí, ọ̀dọ̀ ìyàwó mi ni mo ti kọ́ ọ, torí àwọn òbí rẹ̀ wá tajà láti Nàìjíríà, wọn kò sì padà mọ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, kíláàsì yẹn ni ohun tí mo ní. Àwọn ìgbìmọ̀ abúlé, tí wọ́n ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ náà, pè mí. Wọ́n ní àwọn á pa àyè mi mọ́ fún mi títí èsì ìdánwò á fi jáde. Tí n kò bá yege, wọ́n ní kí n má bínú.

Mo forúkọ sílẹ̀ láti ṣe ìdánwò náà láìsí ní kíláàsì kankan. Ìtàn àti ilẹ̀-àyíká kò dẹ́rù bà mí. Faransé mi kò burú. Físíìsì ni n kò mọ̀, kò sì sí bí mo ṣe lè fi ojú kà á kó yé mi. Mo nílò ẹni tí yóò ṣe é níwájú mi.

Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta kan ní Atakpamé ń wá ibi tí wọ́n á ti máa yanjú ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá. Wọ́n ti gbọ́ pé mo ní ògiri dúdú. Òótọ́ ni. Ilé mi wà lọ́nà Kamina, mo sì ti kun ògiri fàráńdà rẹ̀ bí a ṣe ń kun pátákó ilé ẹ̀kọ́ abúlé: èédú inú bátìrì tó ti kú la ń gún, a ó pò ó mọ́ omi ewé, a ó fi kun ògiri, yóò sì gba ṣọ́ọ̀kì ju pátákó tí wọ́n ń tà lọ. Mo ní bẹ́ǹṣì kan níbẹ̀, ìjókòó ìyàwó mi nígbà tó wà láyé. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n wá, kí wọ́n sì jẹ́ kí n máa bá wọn ṣe é. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n gbà.

Ọmọbìnrin ni olórí wọn. Kò tíì pé ogún ọdún. Ó tín-ínrín, kakí ilé ìwé ló máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé náà, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń din àkàrà lẹ́bàá títì ló sì ń gbé. Ó gbọ́n. N kò tíì rí ọmọ tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí àwọn yòókù á wò títí, ó máa ń yanjú rẹ̀ bí ẹni ń tú okùn ewúrẹ́. Ọmọkùnrin gíga kan tẹ̀ lé e, ọmọ katikísítì ṣọ́ọ̀ṣì, tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó parí. Ọmọkùnrin náà ni ẹnì kẹta, ọmọ oníṣòwò kan tó ń ta ike lọ́jà Atakpamé, Mùsùlùmí ni wọ́n, Yorùbá Nàìjíríà sì ni wọ́n ń sọ nínú ilé wọn. Èyí rọra. Òun ló máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi.

Wọ́n ní òfin kan. Tíṣà físíìsì wọn ló dá a sílẹ̀ ní kíláàsì, wọ́n sì gbé e wá sí fàráńdà mi. Ẹni tó bá ṣi ìbéèrè yóò kúrò lórí bẹ́ǹṣì, yóò jókòó sílẹ̀. Ẹni tó wà nílẹ̀ lè wo ògiri, ó lè kọ ohun tó rí, ó gbọ́dọ̀ dáhùn tí wọ́n bá bi í. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ béèrè ohunkóhun. Ọmọbìnrin náà ní ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tí kò mọ nǹkan ni wọ́n ń béèrè jù, tí wọ́n fi ń jẹ àkókò àwọn tó mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dìde, àfi kó yanjú ohun tí ẹni orí bẹ́ǹṣì ti ṣì. Mo ní ó yé mi. Mo rò pé àárín ara wọn ni òfin náà wà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó bi mí ní ìwúwo àpò àgbàdo kan tí kílò rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Mo ní ọgọ́rùn-ún kílò. Mo ti ru àpò àgbàdo rí. Ó ní kílò kọ́ ni wọ́n fi ń ka ìwúwo nínú físíìsì, níútìnì ni, ẹgbẹ̀rún kan ni ìdáhùn. Lẹ́yìn náà ó fi ṣọ́ọ̀kì tọ́ka sí ilẹ̀.

“Ẹ jókòó sílẹ̀, Baba.”

Mo rò pé ó ń ṣeré. Ọmọ katikísítì ti ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ onílé ike ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọmọbìnrin náà dúró, kò rẹ́rìn-ín, kò bínú, ó kàn ń dúró dè mí. “Ẹ” ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Títí gbogbo rẹ̀ fi parí, kò fi ìgbà kan pè mí ní “ìwọ”. Mo dìde lórí bẹ́ǹṣì ìyàwó mi, mo jókòó sílẹ̀.

Ilẹ̀ símẹ́ǹtì ni. Ibẹ̀ náà ni ìyàwó mi máa ń tẹ́ ẹní sí tó bá ń ṣa ẹ̀wà. N kò tẹ́ ẹní. Wọn kò sọ pé kí n tẹ́ ẹ.

Obìnrin kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé mi kọjá pẹ̀lú ọpọ́n lórí. Ó rí mi nílẹ̀ tí àwọn ọmọ wà lókè, ó sì dúró. Lọ́dọ̀ wa, tí ọkọ tàbí aya ẹni bá kú, ilẹ̀ lèèyàn ń jókòó sí. Ó ti rí mi níbẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

“Ẹ̀yin ọmọ, ta ló tún kú?”

Ọmọ katikísítì dá a lóhùn pé, “Baba ni. Físíìsì ló pa wọ́n.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀ pẹ̀lú, ó sì lọ. Ọmọbìnrin náà nu ògiri, ó kọ ìbéèrè mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, lọ́sàn-án Ọjọ́rú, nígbà tí kò sí ẹ̀kọ́, àti lọ́jọ́ Sátidé. Èmi á gun kẹ̀kẹ́ mi dé láti abúlé pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀, wọ́n á ti wà níbẹ̀, wọ́n á ti kọ nǹkan kún ògiri. N kò ní parọ́, mo ń kọ́ nǹkan. Ọmọbìnrin náà máa ń ka ìbéèrè sókè ní Faransé, á tún un sọ ní Ifẹ̀, nígbà mìíràn ní èdè Ewé tí ọ̀rọ̀ bá rọrùn jù níbẹ̀, lẹ́yìn náà á kọ ohun tí a mọ̀ sí apá kan, ohun tí a ń wá sí apá kejì. Àwọn náà ń ran ara wọn lọ́wọ́. Tí ọmọ onílé ike bá gbàgbé nǹkan, ọmọ katikísítì á rán an létí, á kọ́kọ́ sọ pé orí rẹ̀ dà bí garawa tí bàbá rẹ̀ ń tà, ó ní ihò nísàlẹ̀. Wọ́n ń bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń dìde. Ilẹ̀ kò le fún wọn. Ọmọ tó bá bọ́ sílẹ̀ á tún ti dìde kí a tó nu ògiri.

Èmi kò dìde. Ẹni tó wà nílẹ̀ tí kò lè béèrè, ohun tí kò yé e lánàá ló ń dí i lọ́wọ́ lónìí.

Ọmọ katikísítì wá sọ mí ní orúkọ kan. A ti dé orí ẹ̀kọ́ iná mànàmáná nígbà náà. Nínú wáyà, ohun kan wà tó máa ń dí iná lọ́wọ́. Rẹsisitáǹsì ni wọ́n ń pè é, óòmù ni wọ́n sì fi ń kà á. Ó ní èmi gan-an ni rẹsisitáǹsì wọn, pé iná tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti kú nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti rí kẹ̀kẹ́ mi lókèèrè, á ní, “Rẹsisitáǹsì ń bọ̀ o, ẹ pa iná.” Ọmọbìnrin náà kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Kò sì sọ pé kó má pè mí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n mọ ìdí tí mo fi wà níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún wọn nípa aláyẹ̀wò, lọ́jọ́ tí wọ́n bi mí. Mo rò pé ó yẹ kí wọ́n mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, tí mo bá ṣi nǹkan, ọmọ katikísítì á káàánú àwọn ọmọ kéékèèké abúlé: ta ni yóò kọ́ wọn báyìí o, ta ni yóò nu imú wọn. Ọmọbìnrin náà gbọ́ ọ̀rọ̀ aláyẹ̀wò náà tán. Ó ní kí a máa bá iṣẹ́ lọ.

Nínú orí ẹ̀kọ́ iná yìí ni mo ti rí ohun tí n kò lè gbà. Tí rẹsisitáǹsì méjì bá tẹ̀ lé ara wọn lórí wáyà kan, a ó rò wọ́n pọ̀. Ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n tí wáyà bá pín sí méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lórí ẹ̀ka tirẹ̀, tí ẹ̀ka méjèèjì sì tún pàdé níwájú, wọ́n ní kí a sọ nọ́mbà méjèèjì di púpọ̀ lórí ara wọn, kí a wá pín in sí ìròpọ̀ wọn. Ọmọbìnrin náà kọ mẹ́ta àti mẹ́fà sí ògiri. Ìdáhùn jẹ́ méjì.

Mo wò ó. Ohun méjì ni wọ́n fi dí ọ̀nà, ìdínà náà sì kéré ju ti ẹyọ kan lọ. Mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìròpọ̀ láti ìgbà tí mo ti di tíṣà. Mo fi òkúta kọ́ wọn, mo fi èso ẹmi tí a fi ń ṣe òrí kọ́ wọn. N kò tíì rí ohun kan tí a fi kún òmíràn tó wá dín kù. Mo na ìka sókè, bí àwọn ọmọ tèmi ṣe máa ń nà án.

Ọmọbìnrin náà rí i. Ó ní, “Ẹni tó wà nílẹ̀ kì í béèrè, Baba.”

“Ọ̀kan péré ni.”

“Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ má wádìí rẹ̀.”

Ọmọ onílé ike tẹ̀ ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Baba, ẹ wò ó, tí ọ̀nà bá...” Ọmọbìnrin náà kò yíjú padà. Ó ń kọ̀wé lọ.

“Ṣé o fẹ́ bá wọn jókòó ni?”

Ọmọ onílé ike jókòó dáadáa.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Tí ẹ bá fún mi ní nọ́mbà méjì, mo lè sọ wọ́n di púpọ̀, mo lè pín wọn. Mi ò kàn gbà á gbọ́ ni.

Mo wá ọmọ onílé ike lọ sí ọjà. Láàárín àwọn garawa àti abọ́ bàbá rẹ̀ ni mo ti bá a. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ fún un. Ó wo ẹ̀yìn mi bí ẹni pé ẹnì kan lè wà níbẹ̀. Ó ní kí n má bínú, kí a jẹ́ kí ìdánwò kọjá ná. Ọwọ́ ọmọbìnrin náà ni ìdáhùn gbogbo ìbéèrè àtẹ̀yìnwá wà, tó bá lé òun kúrò, bàbá òun á pa òun. Ó fẹ́ fún mi ní ife ike kan ní ọ̀fẹ́. N kò gbà á. Mo tún lọ bá tíṣà físíìsì fúnra rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó gbọ́ mi tán, ó ní àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun ni òun ń kọ́. Mo kí i, mo jáde.

Ó ku ọ̀nà kan: kí n dìde.

Mo dìde lẹ́ẹ̀kan. Ìbéèrè nípa dígí ojú ni, iye agbára dígí tí ibi ìpàdé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jìn tó ogún sẹ̀ǹtímítà. Ọmọ katikísítì wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ṣì í. Ó gbàgbé pé mítà ni kí òun sọ ọ́ dà. Láti ilẹ̀, mo ní márùn-ún. Ọmọbìnrin náà wò mí. Ó ní, “Márùn-ún ni. Ẹ dìde.” Orúnkún mi dún. Ọmọ katikísítì bọ́ sílẹ̀ sí àyè mi, kò rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Igi náà ṣì gbóná láti ara rẹ̀.

Mo la ẹnu. Mo ti ní ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ọmọbìnrin náà rí ẹnu mi. Kí n tó sọ nǹkan kan, ó ti bi mí: ẹ̀rọ kan fa àádọ́ta kílò omi láti inú kànga tó jìn ní mítà méjìlá, ó fi ìṣẹ́jú kan ṣe é, kí ni agbára ẹ̀rọ náà? Ó sọ ọ́ kíá, kò kọ ọ́ sí ògiri. Mo ṣe é lórí. Mo ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà.

“Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló wà nínú ìṣẹ́jú kan, Baba?”

“Ọgọ́ta.”

“Ẹ kò pín in.”

Ó dúró dè mí bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ katikísítì ti dìde nílẹ̀, ó ń gbọn eruku ìdí rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ ti padà. Mo sọ̀kalẹ̀. Ọmọbìnrin náà mọ̀ pé mo fẹ́ béèrè. Ọmọ onílé ike ló sọ ìyẹn fún mi lẹ́yìn náà, nígbà tí kò wúlò mọ́. Ó ní òun béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin náà dá a lóhùn pé nígbà tí òun fúnra òun wà nílẹ̀ ní kíláàsì, kò sẹ́ni tó dá òun lóhùn, òun sì dìde.

Ìdánwò dé. Lísè kan, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì, ní Atakpamé ni wọ́n kó wa sí. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin tó ń ṣọ́ wa rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó rò pé mo mú bírò wá fún ọmọ mi tó gbàgbé rẹ̀ sílé. Ó ní kí n tètè fún un kí n sì máa lọ. Mo fi nọ́mbà mi hàn án. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Òun náà bo ẹnu. Tábìlì mi wà lẹ́yìn, ọmọbìnrin náà wà níwájú lápá ọ̀tún.

Nígbà tí físíìsì dé, mo ka ìbéèrè láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìwúwo wà níbẹ̀, mo ṣe é ní níútìnì. Dígí wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí àwòrán wáyà tó pín sí méjì, méjìlá lórí ẹ̀ka kan, mẹ́fà lórí ẹ̀ka kejì, bátìrì fóòltì méjìlá. Wọ́n ní kí a wá rẹsisitáǹsì gbogbo rẹ̀, kí a fi ìyẹn wá iná tó ń kọjá, kí a fi ìyẹn wá agbára. Ọ̀kan rọ̀ mọ́ ìkejì títí dé ìsàlẹ̀ ìwé.

Mo ṣe é bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí mẹ́rin.

Mo wo mẹ́rin náà. Méjìlá àti mẹ́fà, mẹ́rin. Mo tún un ṣe, mẹ́rin náà ni. Mo wò ó bí mo ṣe máa ń wo sílétì ọmọ tó ti ṣìṣe, tí ọmọ náà sì ń wo ojú mi. Tí ọmọ kan bá gbé irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ wá fún mi, màá ní kó padà lọ kà á dáadáa. Mo ronú pé bóyá mo kọ ọ́ lódì láti ilẹ̀ tí mo wà lọ́jọ́ náà, pé bóyá orí ọmọbìnrin náà ló bo apá kan ògiri. N kò ní ẹni tí màá bi. Mo fi ìlà pa mẹ́rin rẹ́. Mo kọ méjìdínlógún.

Nígbà tí mo fẹ́ wá iná tó ń kọjá, pípín náà kò tán. Ó ń bá a lọ ní mẹ́fà, mẹ́fà, mẹ́fà. Mo gé e. Níwájú, ọmọbìnrin náà ti parí, ó ti fi ìdérí dé bírò rẹ̀. Ó yíjú wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì yíjú padà.

Àgbàlá lísè náà ni wọ́n ti ka èsì. Ọkùnrin kan dúró lórí àga pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwọn ìyá sì ti mú pọ́dà lọ́wọ́. Orí ọmọ tí wọ́n bá pè ni wọ́n ń dà á sí. Orúkọ ń tẹ̀ lé orúkọ. Wọ́n pe ọmọ onílé ike, ó kúnlẹ̀ síbi tó wà, ó fi orí kanlẹ̀. Wọ́n pe ọmọ katikísítì, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ dà gbogbo agolo lé e lórí. Atẹ́gùn gbé e. Wọ́n pe ọmọbìnrin náà. Kò sẹ́ni tó wá pẹ̀lú rẹ̀. Ó dúró lójú kan, irun rẹ̀ dúdú láàárín àwọn orí funfun.

Wọ́n kọjá létí orúkọ tèmi. Mo gbọ́ èyí tó wà ṣáájú rẹ̀, mo gbọ́ èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Pọ́dà ọmọ katikísítì ti bà lé èjìká mi. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí i, ó sáré wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú.

“Baba, ẹ kú oríire. Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe é. Pẹ̀lú ọjọ́ orí yín.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà wá bá mi níbi tí mo ti ń tú kẹ̀kẹ́ mi. Ó kí mi. Ó ní kí ni mo kọ sí ìbéèrè wáyà tó pín sí méjì. Mo ní méjìdínlógún.

“Ilẹ̀kùn mélòó ni ṣọ́ọ̀ṣì yín ní, Baba?”

“Méjì.”

“Tí wọ́n bá ṣe ìsìn tán, tí wọ́n ṣí ẹyọ kan, àwọn èèyàn á jáde. Tí wọ́n bá ṣí ìkejì kún un ńkọ́? Ṣé wọ́n á pẹ́ sí i ni?”

“Wọ́n á yára.”

“Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Mo di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà mú. Mo sọ fún un pé ohun tí mo fẹ́ bi í lọ́jọ́ náà nìyẹn.

“Mo mọ̀,” ni ó wí. “Ilẹ̀ lẹ wà.”

Àwọn ìgbìmọ̀ abúlé pa àdéhùn wọn mọ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé n kò yege, wọ́n wá ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí. Wọn kò wá jìnnà. Ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọbìnrin náà ti sọ pé kò sí lísè nínú ọ̀rọ̀ òun, ó ti kàwé tó, kó wá iṣẹ́. Abúlé ní kó wá kọ́ ọmọ àwọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ gbà fún un. Wọ́n sọ fún mi pé ọmọbìnrin náà sunkún fún ọjọ́ púpọ̀, kò jẹun, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun lọ sí lísè. Lísè ló fẹ́. Kíláàsì mi kò sí nínú ohun tó fẹ́.

Wọ́n ní kí n wá fa nǹkan lé e lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé. Mo lọ. Aṣọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló wọ̀, ó tóbi jù fún un, ojú rẹ̀ wú. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo fún un ní páálí ṣọ́ọ̀kì, mo fi irin wílì tí a ń lù fún agogo hàn án, mo sọ fún un ibi tí òjò ti ń jò. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bí èèyàn ṣe ń di ọwọ́ ọmọ mú tí ọmọ náà kò bá tíì mọ ṣọ́ọ̀kì í mú. Mo dá a lóhùn. Mo di ọwọ́ ọmọ kan mú kó lè rí i. Ó béèrè ohun mìíràn, mo dá a lóhùn ìyẹn náà.

Ó lu irin. Àwọn ọmọ wọlé, wọ́n rí i níwájú, wọ́n rí mi lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò mọ ẹni tí wọn yóò kí. Ó sọ ohun tí wọn yóò sọ fún wọn. Wọ́n fi ohùn kan sọ ọ́: “Bọnjúù, madaamu.”

Ìròpọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó pe ọmọbìnrin kékeré kan tó ti lo ọdún kan lọ́dọ̀ mi. Ó bi í ní méje àti márùn-ún. Ọmọ náà ka ọwọ́ rẹ̀, ó ní mọ́kànlá.

“Jókòó sílẹ̀,” ni ó sọ fún un.

Ọmọ náà kò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Kò sí irú rẹ̀ ní kíláàsì yẹn rí. Ọmọbìnrin náà fi ṣọ́ọ̀kì tọ́ka sí erùpẹ̀, ó sì dúró dè é. Ọmọ náà jókòó síbẹ̀, ó ká yẹ̀rì rẹ̀ sábẹ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó na ìka sókè. Tíṣà rẹ̀ ń kọ̀wé sí pátákó, ó ń pe ẹlòmíràn. Ọmọ náà na ìka náà síbẹ̀, ó sì yí orí padà, ó ń wò mí.

Mo gbé kẹ̀kẹ́ mi, mo sì jáde sí ojú ọ̀nà Akparé.